VA àti insurance ibi iṣẹ́: ṣé PPO ni àbí HSA?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi, ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà, ń gba ìtọ́jú orúnkún ní VA (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì) lóṣooṣù. Kò ní disability rating kankan (ìwọ̀n tí VA fi ń sọ bí ìpalára tó ti iṣẹ́ ológun wá ṣe pọ̀ tó). Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní kó yan PPO (insurance tó ní àwọn dókítà tirẹ̀, àmọ́ tó gbà kéèyàn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì), tàbí ètò deductible gíga (owó téèyàn kọ́kọ́ ń san fúnra rẹ̀ kí insurance tó dá sí i) tó ní HSA (àpò ìfowópamọ́ fún ìtọ́jú, tí kì í san owó-orí). Ibi tó ti le nìyí: ẹni tí kò ní rating, tó bá gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní VA, kò gbọdọ̀ san owó sínú HSA títí oṣù 3 yóò fi kọjá. Ti ìdènà àìsàn nìkan ni kò ní wàhálà.

A ti fi fọ́ọ̀mù 10-10EZR sọ insurance rẹ̀ fún VA, torí òfin ní kí wọ́n bèèrè owó lọ́wọ́ insurance fún àìsàn tí kò ti iṣẹ́ ológun wá. A tún rò ó kó lọ sọ́dọ̀ dókítà aládàáni, ṣùgbọ́n àpò ara rẹ̀ ni owó náà yóò ti máa jáde títí deductible yóò fi pé, dókítà VA sì mọ orúnkún yẹn dáadáa.

Ṣé kó mú PPO kó máa lọ VA, àbí kó mú HSA kó fi VA sílẹ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ ná.