Mo ti ka ìwé Fágúnwà márààrún tán. Kí ni kí n tún kà?

Àbẹ̀ní Òǹkàwé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ọdún kejì mi nìyí ní yunifásítì. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni mò ń kọ́, kì í ṣe Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ìwé iṣẹ́ sílẹ̀ lálẹ́, ìtàn àràmàǹdà ni mo máa ń gbé. Iwin, ẹbọra, igbó tí èèyàn kì í wọ̀ kó jáde bó ṣe wọ̀ ọ́, ìlú tí kò sí lórí máàpù kankan, ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra The Hobbit ti Tolkien lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé àlòkù lẹ́bàá títì, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya dànù. Iná lọ lórí rẹ̀, mo tan fóònù, mo ń kà á lọ. Ìyá mi ló wò mí títí tí wọ́n ní, ṣé mo ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí mò ń fi iwin òyìnbó ṣe ayọ̀ báyìí? Mi ò tíì kà á nígbà yẹn. Ìgbà tí mo wá kà á ni mo rí i pé ìwé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́: 1937 ni ti Tolkien jáde, 1938 ni ti Fágúnwà. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan ní Oxford, ọ̀kan ní Ọ̀yọ́.

Látìgbà náà mo ti ka Igbó Olódùmarè, Ìrèké Oníbùdó, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje àti Àdììtú Olódùmarè. Igbó Olódùmarè ni mo fẹ́ràn jù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ti àkọ́kọ́ ló dùn jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún mi. Ìdí rẹ̀ ni Ańjọ̀nnú Ìbẹ̀rù, oníbodè igbó yẹn. Olówó-ayé, ọdẹ inú ìwé náà, kò kàn lè gbé ìbọn kọ́rùn kó wọlé. Igbó náà ní ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì ní ohun tó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àlejò. Ohun tí mò ń wá kiri nínú ìwé fantasy gbogbo nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí idán kàn máa ṣẹlẹ̀ ṣáá nítorí òǹkọ̀wé fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó ní òfin, kó ní iye tí èèyàn máa san lórí rẹ̀. Ẹ wo Ìmọ̀dòye nínú Ògbójú Ọdẹ: ààjà gbé e lọ, ọdún méje ló fi wà lọ́dọ̀ ààjà, ataare kan ṣoṣo ló ń jẹ lóòjọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni ọgbọ́n ọkùnrin yẹn. Ataare kan yẹn, mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá wà lórí ìlà oúnjẹ.

Ìbéèrè mi nìyí. Èwo ni kí n kà tẹ̀ lé e, ní èdè Yorùbá, tó jẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Àwọn tí wọ́n ń dárúkọ fún mi, Àjà Ló Lẹrù, Ó Le Kú, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, mo ti kà wọ́n, wọ́n sì dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀daràn, ọ̀kan jẹ́ ti ìfẹ́, ọ̀kan jẹ́ ti ìtàn ìlú. Iwin dà?

Nǹkan méjì tún wà lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́, ìwàásù inú Fágúnwà máa ń gùn lójú mi, mo sì máa ń fò wọ́n. Ìkejì, ohun tí Kákò, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ, ṣe fún obìnrin tó fẹ́ bá a lọ nígbà tí wọ́n ń múra ìrìn àjò Òkè Lángbódó. Obìnrin náà ní kó má fi òun sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn, Kákò fi àdá dá a lóhùn, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mi ò lè ka ojú ìwé yẹn láìdákẹ́. Ṣé ìtàn àràmàǹdà kankan wà nílẹ̀ wa tí obìnrin ti jẹ́ ẹni tó ń rìnrìn àjò, tí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi sílẹ̀?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Àbẹ̀ní, ọmọ mi, o káre. Inú mi dùn pé ọmọ tó ń kọ́ nípa àpáta ló ń béèrè irú èyí.

Wá J. Ògúnsínà Ògúndélé. Ìwé méjì rẹ̀ ni mò ń sọ, Ibú Olókun àti Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run, 1956 ni méjèèjì jáde. Nígbà tí Fágúnwà ń rán ọdẹ wọ igbó, Ògúndélé rán tirẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ omi, ó tún rán òmíràn gba ọ̀nà ọ̀run. Ọmọ ẹ̀yìn Fágúnwà ni lóòótọ́, wàá gbọ́ ohùn ọ̀gá lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kì í ṣe igbó, ìwọ náà yóò rí i. Má retí pé wàá rí i ní gbogbo ilé ìtàwé. Láíbìrì yunifásítì yín ni kó o kọ́kọ́ lọ, apá ibi tí wọ́n ń kó ìwé Yorùbá àtijọ́ sí. Bó o bá bá ẹ̀dà àtijọ́, wàá rí àkọtọ́ àtijọ́ nínú rẹ̀, "nwọn" àti "enia" àti "aiye". Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́, lójú ìwé mẹ́wàá ojú rẹ á ti mọ́ ọn.

Ní ti ìwàásù, mi ò ní bá ọ gbà. Ronú sí i. Akàrà-ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn inú Ògbójú Ọdẹ, àti àwọn mẹ́fà tó kù fi ilé sílẹ̀, wọ́n la ewu oríṣiríṣi kọjá, wọ́n bá Ògòǹgò ọba ẹyẹ pàdé, wọ́n dé Òkè Lángbódó tán. Kí ni ọba ibẹ̀ fi wọ́n ṣe? Ó ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ Ìrágbèje nínú ilé olójúlé méje, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ojúlé kan lójúmọ́. Àwọn tó bá ẹbọra jà, tí wọ́n gbé kùmọ̀, tí wọ́n ta ọfà, ìjókòó ni wọ́n lọ jókòó. Ìwọ ní o fẹ́ idán tó ní iye tí èèyàn ń san lórí rẹ̀. Ìjókòó yẹn ni owó ibodè Òkè Lángbódó. Ìgbà tó o bá fo Ìrágbèje, o rin gbogbo ọ̀nà náà, o wá padà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ka á sókè. Ìwé tí wọ́n ń fi etí gbọ́ ni. Ìwọ náà rántí bí ìtàn ọ̀hún ṣe lọ: Akàrà-ògùn ń sọ, ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, èrò sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti wá gbọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ tí kì í fẹ́ ṣí ìwé, tí mo bá ti ní kí ọ̀kan dìde kó ka ọ̀rọ̀ Ìrágbèje bí ẹni tó ń bá ìlú sọ̀rọ̀, kíláàsì á pa rọ́rọ́.

Ti Kákò, ó dùn èmi náà. Mi ò ní gbèjà rẹ̀.

Dọ̀tun Akọ́mọlédè:

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Àbẹ̀ní, mo mọ̀ pé Yorùbá lo béèrè, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ kí n má dárúkọ Amos Tútùọlá. The Palm-Wine Drinkard, Faber ló tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, Yorùbá ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀mùtí kan ni, adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ ó kú, ó wá gbéra láti lọ wá a ní ìlú àwọn òkú. Kò sí ìwàásù kankan níbẹ̀ o, wàá gbádùn rẹ̀!

Tó bá jẹ́ òfin idán lò ń wá, lọ tààrà síbi ọkùnrin arẹwà inú ọjà. Ọmọbìnrin kan rí i, ó tẹ̀ lé e kúrò lọ́jà. Bí wọ́n ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tó yá a lọ́wọ́ wọn. Ó bọ́ ẹsẹ̀, ó san owó ẹsẹ̀. Ó bọ́ apá, ó san owó apá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi ku agbárí nìkan, agbárí náà sì ń fò lọ nílẹ̀, ọmọbìnrin yìí ò lè sá mọ́. Gbogbo ẹwà yẹn, owó ìyálò ló wà lórí rẹ̀. Mo kà á nínú mọ́tò láti Òṣogbo, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Yorùbá ní 1963, Ọ̀mùtí ni wọ́n ń pè é. Torí náà, má ka Tútùọlá sí àjèjì.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Peckham:

Àbẹ̀ní, àbúrò mi, ìbéèrè rẹ kejì ló mú mi dá sí i.

Ọmọ mi obìnrin, ọdún mẹ́rìnlá, Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ kà dáadáa. Ìwé tó gbé e wọ inú ìtàn wa ni Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, 2018 ló jáde. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Zélie, ọmọbìnrin, ló ń rìnrìn àjò níbẹ̀ láti dá agbára tí ọba ti pa rẹ́ padà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà sì ni ọmọ ọba obìnrin tó sá kúrò láàfin. Ìlọrin, Ìbàdàn, Èkó, gbogbo wọn wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bí a ṣe mọ̀ wọ́n. Àwọn àgbà kan á bínú sí bó ṣe lo orúkọ òrìṣà. Èmi ò bínú. Ọmọ mi ló wá bi mí pé, "Mọ́mì, ta ni Ọya?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kó béèrè.

Ibẹ̀ ni mo ti mú un dé ọ̀dọ̀ Fágúnwà. Mo ra Ògbójú Ọdẹ tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, tí Bruce Onobrakpeya ya àwòrán sí. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, mo ń ka Yorùbá, ìpínrọ̀ kan sí ìpínrọ̀ kan. Nígbà tí a dé ibi Àgbákò tó ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ara òun ní Yorùbá. Ó ń tàsé ohùn, ó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò tún un ṣe títí ó fi kà á tán.

Àti pé tún Ìyùnadé kà nínú Àdììtú Olódùmarè. Ka lẹ́tà rẹ̀ dáadáa. Obìnrin yẹn mọ ohun tó ń sọ.

Àbẹ̀ní Òǹkàwé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Tíṣà, mo dúpẹ́ gan-an, sà.

Mo lọ sí láíbìrì lánàá. Èjìgbèdè wà níbẹ̀, Ibú Olókun ni kò sí. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e jáde, torí náà inú ibẹ̀ ni mo ti ń kà á. Ẹ tọ́ nípa "nwọn" àti "enia", ojú mi ti mọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n Dọ̀tun, èmi àti ọ̀rẹ́bìnrin tí a jọ ń gbé yàrá ka ibi ọkùnrin arẹwà yẹn lórí fóònù rẹ̀. Ó ní òun ò ní tẹ̀ lé ọkùnrin kankan kúrò lọ́jà mọ́ láyé. Màá ka ìyókù. Ẹ̀gbọ́n wa ní Peckham, ẹ bá mi kí Tèmítọ́pẹ́. Ti Adeyemi, mo ti rí ẹni tó máa yá mi.

Ti Ìrágbèje, Tíṣà, mo ka ọjọ́ kìíní sókè bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ọ̀rọ̀ owó ibodè tí ẹ sọ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò ní fò ó mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé àwọn ìwàásù inú Ìrìnkèrindò gùn ju bó ṣe yẹ lọ, níbi tí ìrìn ti ń dùn gan-an ni wọ́n ti máa ń dá wa dúró. Ẹ jẹ́ kí n ka Èjìgbèdè tán ná, kí a wá jọ fà á.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní Ibú Olókun nílé ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó mi létí. Màá wá kà á lójú yín níbẹ̀, mi ò ní gbé e lọ.