"Encroach": níbo ló ti wá, báwo la ṣe ń lò ó?

Àdùkẹ́ Olùkọ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí, encroach (kí nǹkan ré ààlà wọ àyè ẹlòmíì), ti ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n á kọ "he encroached my land". "On" tàbí "upon" gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: "he encroached on my land". Bí ẹ bá tiẹ̀ yí gbólóhùn náà po, kò gbọdọ̀ bọ́ sọnù: "the land was encroached upon". Àṣìṣe wo lẹ̀yin tún ń rí?

Ṣẹ́gun: "Encroach unto" ńkọ́? Ó kún inú ìwé ẹ̀sùn ilẹ̀.

Àdùkẹ́ Olùkọ́: Ẹ pa unto rẹ́. Into dára, bí nǹkan bá ń wọnú àyè kan lọ.

Bàbá Sọ́fè: Èyí tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ sí "gba ilẹ̀ onílẹ̀". Ẹni tó gbalẹ̀ tán ti kúrò ní encroach. Ẹ jọ pààlà ni, ó wá ń jẹ tìrẹ díẹ̀díẹ̀: poro kan lọ́dún yìí, òmíràn lámọ́dún. Tàbí kí fẹ́ǹsì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì ré òpó ààlà kọjá, kí etí òrùlé máa da omi sọ́gbà ẹlòmíì. Ẹni tó kàn gba orí ilẹ̀ náà kọjá láìgbàṣẹ, trespass nìyẹn. "Jẹ ààlà" lèmi fara mọ́.

Ọmọ Ìlàjẹ: Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ohun tí òkun ń ṣe fún Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ tó wà létí òkun, nìyẹn. Sea encroachment ni wọ́n ń kọ. Àwa ń sọ pé òkun ń jẹlẹ̀. Ta ló ń sọ pé òkun "gbalẹ̀"?

Kúnlé F.: Ìkọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ encroach. Croc ni ìkọ́ lédè Faransé. Wọ́n gbà á lẹ́nu àwọn ará àríwá Yúróòpù, tí wọ́n ń pè é ní krókr. Encrochier, tó di encroach, ni pé kí o fi ìkọ́ fa nǹkan mọ́ra. Abẹ́rẹ́ crochet tó tẹ̀ lórí, ìkọ́ kan náà ni. Àti pé Àǹtí Àdùkẹ́, nígbà tí encroach kọ́kọ́ wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, kò nílò on. Wọ́n ń fi sọ pé ẹnì kan já nǹkan gbà láìtọ́.

Bàbá Sọ́fè: Họ́wù! Á jẹ́ pé "gbà" ló kọ́kọ́ jẹ́?

Kúnlé F.: Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ìtumọ̀ ti yẹ̀ láti ìgbà náà.

Àdùkẹ́ Olùkọ́: Kúnlé, o ṣeun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ti àtijọ́ sínú ìdánwò lónìí, wọ́n á gé máàkì rẹ̀.

Tósìn: Ṣé òun àti cockroach tan?

Kúnlé F.: Rárá. Cucaracha àwọn ará Sípéènì ló di cockroach. Approach náà ò bá a tan. Prope tí í ṣe "nítòsí" ní Látìn ló bí ìyẹn.

Rẹfirí Àgbà: Ẹ ò mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá pẹnáríìtì, yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ gbá a àti aṣọ́lé, gbogbo àwọn tó kù gbọ́dọ̀ wà níta àpótí 18, lẹ́yìn ibi tí bọ́ọ̀lù wà, kí wọ́n sì fi mítà 9.15 jìnnà sí i, ó kéré tán. Ẹni tó bá sáré wọlé kí wọ́n tó gbá a ti ṣe encroachment. Láti 2024, àfi tí wíwọlé rẹ̀ bá kan eré ni a ó fi jẹ ẹ́ níyà.

Bàbá Sọ́fè: Ìyẹn kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ o.

Rẹfirí Àgbà: Ìlà là ń wò, Bàbá, a kì í wo eré sísá. Ẹsẹ̀ kan tó ré e ti tó.

Ṣẹ́gun: Ṣé encroach on the box ni àbí into?

Àdùkẹ́ Olùkọ́: Into.