Django: Order ń wọ dátábéèsì, aṣọ inú ẹ̀ kì í bá a wọlé

ỌmọÒkèlélé
Àsàlámù àlékúmù ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń fi Django (irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń kọ sáìtì) kọ sáìtì fún àwọn tó ń hun aṣọ òkè níbí n'Ílọrin, kí kọ́sítọ́mà lè kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ sókè kó wá to aṣọ tó fẹ́ sísàlẹ̀, sányán mélòó, àlàárì mélòó, ẹtù mélòó. Model (tábìlì inú dátábéèsì) méjì ni, Order àti OrderItem (ìlà aṣọ kọ̀ọ̀kan), ForeignKey ló so wọ́n pọ̀, inlineformset_factory, tó ń kó àwọn ìlà aṣọ jọ sábẹ́ Order kan, ni mo lò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé téèyàn bá gbàgbé iye lórí ìlà kan, error yọ lóòótọ́ àmọ́ Order ti wọlé, tó bá tún un kọ tó tún tẹ̀ ẹ́, Order kejì tún wọlé. Tí ò bá wá mú aṣọ kankan rárá, ó ń gbà á bẹ́ẹ̀! Ẹ gbà mí o.

ÀáfàKóòdù
Wàáléékúmù sàlámù. Ó jọ pé form.save() ló ń ṣáájú formset.is_valid() nínú view ẹ (kóòdù tó ń gba ohun tí kọ́sítọ́mà fi ránṣẹ́); form ni ti Order, formset ni ti àwọn ìlà aṣọ. Jẹ́ kí méjèèjì yege ná:

```
if form.is_valid() and formset.is_valid():
    with transaction.atomic():
        formset.instance = form.save()
        formset.save()
```

Má yọ atomic yẹn o, torí tí dátábéèsì bá kọ̀ láti gba aṣọ kan nísàlẹ̀, Order náà ò ní dúró.

Ti ìlà òfìfo, èyí tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, Django máa ń fò ó ni. Fi min_num=1 àti validate_min=True sínú factory ẹ, kó lè di dandan pé kí aṣọ kan ó kéré tán wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n extra (iye ìlà òfìfo tí Django ń fi kún un) ti jẹ́ 3 tẹ́lẹ̀, ìlà mẹ́rin ló máa yọ síta, dín in kù tó bá pọ̀ jù.

ÌyáÌbejìỌ̀fà
Àbúrò, ṣé bọ́tìnnì "fi aṣọ kún un" wà níbẹ̀? Tó bá wà, JavaScript ẹ gbọ́dọ̀ máa fi kún TOTAL_FORMS, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ iye ìlà tó wà fún Django. Tó o bá ti lo related_name='items', id_items-TOTAL_FORMS lò ń wá. Bí ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà tuntun yẹn kò ní wọlé, kò sì ní sí error kankan tó máa sọ fún ẹ, kọ́sítọ́mà á kàn dé ṣọ́ọ̀bù, á wá bi wọ́n pé ẹtù òun dà. Èyí ló máa ń dùn mí jù.

ỌmọÒkèlélé
Àlùhámdùlíláì, ó ti gbà! Ẹ ṣé gan-an ni. Ó ku ọ̀kan: owó àsansílẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju àpapọ̀ owó aṣọ lọ. Inú form ni kí n yẹ̀ ẹ́ wò ni àbí formset?

ÀáfàKóòdù
Form ò rí aṣọ, àwọn ìlà ni formset ń wò. Inú view ni kó o ti ṣe é, lẹ́yìn tí méjèèjì bá ti yege: ṣírò àpapọ̀, yọ àwọn tí wọ́n ti sàmì DELETE sí kúrò, tí owó bá ju ti aṣọ lọ, form.add_error('deposit', ...), kó o dá ojú ìwé yẹn padà fún un láì save.