Fíréèmù kẹ̀kẹ́ eré ìje tó fúyẹ́, tó gba bíréèkì dísìkì, tí kò sì gbówó lórí jù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ará Yábàá béèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń gun ológeere, ẹ kú iṣẹ́ o. Yábàá ni mò ń gbé, Màrínà ni ibi iṣẹ́ mi wà, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ eré ìje kan tí mo rà ní tokunbọ̀. Irin ni fíréèmù rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí rọ́bà méjì máa ń fún rímù mọ́ àárín. Ní àsìkò òjò tó kọjá, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí Afárá Èkó sí ìhà Apọ́ńgbọ̀n, mo fún bíréèkì méjèèjì, ṣùgbọ́n rímù ti rin gbindin, ó kàn ń yí lọ bí ẹni pé n kò fọwọ́ kan nǹkankan. Nígbà tí mo fi máa dúró, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló kù láàárín táyà mi àti ẹ̀yìn dáńfó tó wà níwájú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé bíréèkì dísìkì, ìyẹn irú èyí tó ń fún àwo irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín wíìlì mú dípò rímù, ni n ó máa lò.

Fíréèmù àti fọ́ọ̀kì, ìyẹn apá méjì tó di wíìlì iwájú mú, nìkan ni mo fẹ́ rà, kí n sì kó ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ àtijọ́ sí i lára. Àjà kẹta ilé ni mò ń gbé, èjìká mi ló sì ń gbé kẹ̀kẹ́ gòkè lálaalẹ́, ìdí nìyí tí mo fi ń wá èyí tó fúyẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú mi. Mo lè ra fíréèmù alumíníọ̀mù tuntun. Mo sì lè ra ti kábọ̀n (fọ́nrán kábọ̀n àti gọ́ọ̀mù líle ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe irin) tokunbọ̀ kan tí ẹnìkan ń tà, tí iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti alumíníọ̀mù tuntun náà dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni wẹ́dà kan ní Mushin sọ fún mi pé òun lè jó ibi tí bíréèkì dísìkì yóò jókòó sí mọ́ fíréèmù tí mo ní lọ́wọ́, ní owó táṣẹ́rẹ́. Gíga mi jẹ́ mítà 1.75. Èwo ni kí n mú?

Mẹ́káníìkì Èbúté Mẹ́ta dáhùn:

Àbúrò mi, a dúpẹ́ pé orí yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wẹ́dà ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà: má ṣe é rárá. Páìpù fíréèmù eré ìje kò nípọn; nínú irin tó dára, àárín páìpù lè má tó mìlímítà kan, iná tí wọ́n fi ń jó géètì yóò sì dá a lu tàbí kó sọ ẹ̀bá ibẹ̀ di ahẹrẹpẹ. Ti fọ́ọ̀kì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíréèkì rímù máa ń fa fọ́ọ̀kì láti òkè, lẹ́bàá orí rẹ̀, apá méjèèjì ló sì jọ ń gbé e. Ṣùgbọ́n bíréèkì dísìkì wà nísàlẹ̀, ní apá òsì nìkan, gbogbo agbára tó ń dá kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún dúró sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yẹn kọjá. Fọ́ọ̀kì tí wọn kò ṣe fún iṣẹ́ náà lè tẹ̀, ó sì lè kán. Fún ẹ̀yin mìíràn tí tiyín jẹ́ irú alumíníọ̀mù tí à ń pè ní 6061, ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ti tún un yan nínú ààrò lẹ́yìn tí wọ́n jó o tán, kí agbára rẹ̀ tó pé. Iná tuntun yóò ba ìyẹn jẹ́, wẹ́dà ojú títì kò sì ní ààrò tí yóò fi dá a padà.

Ìkejì, o ní fíréèmù àti fọ́ọ̀kì lo fẹ́ rà, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ààbọ̀ ni owó rẹ̀ máa ká. Họ́ọ̀bù tí o ní, ìyẹn àárín wíìlì tí béárìn wà, kò ní ibi tí a ó de dísìkì mọ́. Fíréèmù onídísìkì òde òní sì ń lo thru-axle, ìyẹn ọ̀pá tó nípọn tó mìlímítà 12, tí a ń tì gba inú họ́ọ̀bù kọjá, tí a sì ń yí bọ ara fíréèmù; ìbú họ́ọ̀bù iwájú jẹ́ mìlímítà 100, ti ẹ̀yìn jẹ́ 142. Nítorí náà, wíìlì méjèèjì ni wàá pààrọ̀. Ohun tí o lè fi dín owó kù ni bíréèkì dísìkì tí wáyà ń fà, nítorí òun lè bá ọwọ́ bíréèkì tí o ní tẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tí ń lo epo ni, ọwọ́ bíréèkì náà yóò yí padà, owó rẹ̀ yóò sì fò sókè.

Bí o bá ń wo tokunbọ̀, fi ojú sí ọjọ́ orí rẹ̀. Ọdún 2018 ni UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí bíréèkì dísìkì pátápátá fún eré ìje ojú títì, nítorí náà àwọn fíréèmù onídísìkì tó ṣáájú àkókò yẹn ní ìwọ̀n oríṣiríṣi. Àwọn kan nínú wọn ń lo họ́ọ̀bù ẹ̀yìn oní-mìlímítà 135 pẹ̀lú ọ̀pá tín-ín-rín ti àtijọ́, ibi tí bíréèkì ń jókòó sí lára wọn sì jẹ́ post mount (ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta ni a ń de bíréèkì mọ́) dípò flat mount (bíréèkì ń sùn lé ara páìpù pẹrẹsẹ) tó gbòde báyìí. Ọdún méjì sí i, o kò ní rí ohun tí wàá fi tún un ṣe ní Èkó.

Alumíníọ̀mù tuntun ni kí o rà, ṣùgbọ́n wo ihò tí ọ̀pá pẹ́dàlì gbà kọjá nísàlẹ̀ kí o tó sanwó. Èyí tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì ni kí o mú, irú BSA tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 68, tí a ń yí béárìn rẹ̀ bọ̀. Èyí tí a ń tì béárìn wọ̀ láìsí tẹ́rẹ́ẹ̀dì lè dára níbi tí eruku kò pọ̀. Níhìn-ín, bí omi òjò bá gbé iyanrìn wọnú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ìgbà mẹ́ta ni mo tú ti oníbàárà kan lọ́dún tó kọjá. Yẹra fún fíréèmù tí gbogbo wáyà rẹ̀ gba inú orí kẹ̀kẹ́ wọlé. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti pààrọ̀ béárìn orí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, a ó tú gbogbo bíréèkì sílẹ̀. Háńgà náà ńkọ́, irin kékeré tó gbé ẹ̀rọ tó ń yí jíà dání lẹ́yìn? Fíréèmù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì lè ṣubú lẹ́ẹ̀kan kó tẹ̀. Méjì ni kí o rà kún un lọ́jọ́ tí o bá ra fíréèmù, kí o kó wọn pamọ́.

Ìyá Ológeere, Ìkòyí, dáhùn:

Mo fara mọ́ ohun tí bàbá sọ. Ọ̀rọ̀ fífúyẹ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ọmọ mi, nítorí òun ló ń kó owó lọ́wọ́ wa jù. Fíréèmù alumíníọ̀mù tó dára máa ń wúwo tó kìlógíráàmù 1.2 sí 1.5, ti kábọ̀n tí apá èèyàn ṣì lè ká sì máa ń wà láàárín 0.9 sí 1.2. Ìyàtọ̀ tí a ń sọ yìí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 300 lọ. Ọ̀rá piọ wọ́tà kan ṣoṣo jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ìyẹn gíráàmù 500. Omi tí o so mọ́ kẹ̀kẹ́ láti Yábàá wúwo ju ohun tí o fẹ́ san owó gọbọi lé lórí lọ.

Èkó wa sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkè ni ìwúwo fíréèmù ti máa ń hàn lẹ́sẹ̀ ẹni, òkè tí àwa sì ní kò ju ìgòkè afárá lọ. Lórí afárá Third Mainland tó gùn tó kìlómítà 11.8, atẹ́gùn ọ̀sà ló ń bá wa jà. Fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra wíìlì tó fúyẹ́ àti táyà tó dára, kí o sì rí i dájú pé fíréèmù náà fàyè gba táyà oní-mìlímítà 32, ó kéré tán. Mo ti gun 25, mo ti gun 28. Láti ìgbà tí mo ti wà lórí 32 ni ọrùn ọwọ́ mi ti sinmi lọ́wọ́ àwọn ojú ìsopọ̀ afárá tó máa ń kan rímù gbà, gbà, gbà. Fíréèmù tí kò gbà ju 25 lọ, ì báà fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, kì í ṣe ti ìlú yìí.

Ti àjà kẹta rẹ yé mi, nítorí èmi náà gbé kẹ̀kẹ́ gun àtẹ̀gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó máa ń dun èjìká ni ìrísí páìpù òkè. Èyí tí wọ́n ṣe pẹlẹbẹ tó mú létí máa ń gé èèyàn, ṣùgbọ́n roboto máa ń jókòó jẹ́ẹ́. Gbé e kọ́ èjìká ní ṣọ́ọ̀bù, kí o rìn síwá rìn sẹ́yìn kí o tó dáhùn pé o fẹ́ ẹ. Ní ti ìwọ̀n, 54 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń pe èyí tó bá gíga rẹ mu, àmọ́ 54 ti ibí lè jẹ́ 52 ti ibòmíràn. Stack àti reach ni kí o fi wé ti kẹ̀kẹ́ tí ò ń gùn lọ́wọ́, ìyẹn bí orí fíréèmù ṣe ga tó sí ihò ọ̀pá pẹ́dàlì, àti bó ṣe jìnnà síwájú rẹ̀ tó.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó dáhùn:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má jẹ́ kí a ba kábọ̀n lórúkọ jẹ́. Mo ti lo tokunbọ̀ kábọ̀n fún ọdún mẹ́ta lórí títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, ó sì ń gba ìgbọ̀nrìrì títì mọ́ra ju alumíníọ̀mù tí mo gùn tẹ́lẹ̀ lọ. Atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń fẹ́ láti ọ̀sà àti òkun kò lè mú un dípẹtà. Ibi tí irin méjì bá ti fara kan ara wọn ni ìṣòro wà. Kẹ̀kẹ́ irin tí mo ní ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pá ìjókòó alumíníọ̀mù ni wọ́n fi sínú rẹ̀ láìfi gíríìsì sí i. Nígbà tí a máa fà á yọ lẹ́yìn ọdún méjì, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun ti yí i ká, ó ti lẹ̀ mọ́ inú páìpù pinpin, a fi ayùn gé e ni. Alumíníọ̀mù tó wọnú kábọ̀n náà lè lẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà máa yọ ọ́ lóòrèkóòrè, kí o máa nù ún, kí o sì máa fi òróró tí wọ́n ṣe fún kábọ̀n pa á.

Ṣùgbọ́n tokunbọ̀ gba àyẹ̀wò. Ṣé o mọ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi ìka kan ìkòkò amọ̀ lára kí wọ́n tó sanwó, tí wọ́n á máa tẹ́tí sí bóyá ó ti sán? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o ṣe. Mú owó idẹ kan, kí o máa fi kan páìpù kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá dára á máa dún ko, ko, ko. Ibi tí inú rẹ̀ bá ti sán á dún bọ̀, bọ̀, bí ẹni ń kan páálí. Ìró lè yí padà díẹ̀ níbi tí páìpù bá ti nípọn sí i, nítorí náà máa fi apá òsì wé apá ọ̀tún. Yí kẹ̀kẹ́ délẹ̀, kí o wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti ha á dànù, fi sílẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ ẹrù olè.

Mẹ́káníìkì Èbúté Mẹ́ta dáhùn:

Òótọ́ lo sọ, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, n kò sì bá kábọ̀n jà. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bó bá fara gbá, ó lè má hàn lójú. Alumíníọ̀mù sábà máa ń tẹ̀, o ó sì rí ibi tó tẹ̀. Ẹni tó bá ní kábọ̀n gbọ́dọ̀ ní sípánà tó ń ka agbára tí a fi ń dè é, nítorí bọ́ọ̀tù púpọ̀ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 5 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bọ́ọ̀tù), ọwọ́ àwa tí a ti ń de bọ́ọ̀tù láti kékeré sì máa ń wúwo.

Ará Yábàá dáhùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo lọ wo kábọ̀n náà lánàá pẹ̀lú owó idẹ lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ń dún ko, ko, títí mo fi dé apá òsì lẹ́yìn, nítòsí ibi tí bíréèkì ń jókòó sí, níbi tí sítíkà tuntun kan wà tí kò sí irú rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ìró náà yí padà lábẹ́ sítíkà yẹn. Mo ní kí ẹni tó ń tà á jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí a ṣí sítíkà náà, ó ní òun kò gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Alumíníọ̀mù tuntun ni mo rà láàárọ̀ yìí. A gbé e sórí òṣùwọ̀n: fíréèmù jẹ́ gíráàmù 1,380, fọ́ọ̀kì jẹ́ 430. Ó gba táyà 32, BSA ni nísàlẹ̀, páìpù òkè rẹ̀ roboto, mo gbé e kọ́ èjìká rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ra háńgà méjì kún un. Wáyà ni bíréèkì tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ló kù: ọ̀dà nípọn gan-an níbi tí bíréèkì ẹ̀yìn yóò jókòó sí, bọ́ọ̀tù kankan kò sì bá fíréèmù wá. Irú èwo ni kí n rà?

Mẹ́káníìkì Èbúté Mẹ́ta dáhùn:

O káre, àbúrò. Má tíì ra bọ́ọ̀tù. Bọ́ọ̀tù flat mount ti ẹ̀yìn máa ń gba ìsàlẹ̀ páìpù bọ́ sókè sínú bíréèkì, gígùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ bí páìpù náà ṣe nípọn tó. Bó bá kúrú, kò ní dì mú dáadáa, bó bá sì gùn jù, kò ní fún bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọ̀dà yẹn gbọ́dọ̀ kúrò kí ojú ibẹ̀ tẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bíréèkì á jókòó wọ́, dísìkì á sì máa ha á lára ní gbogbo ìgbà tí wíìlì bá ń yí. Má fi fáìlì ha á fúnra rẹ, mo ní irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un. Gbé fíréèmù àti wíìlì ẹ̀yìn wá ní Sátidé, kí a wọn ìnípọn páìpù náà kí o tó lọ ra ohunkóhun.