Báwo ni mo ṣe lè bá ọmọbìnrin ilé kejì sọ̀rọ̀?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Ọmọbìnrin tó ń gbé ilé tó fara kan tiwa ti gbà mí lọ́kàn pátápátá, ẹgbẹ́ sì ni wá. Tí mo bá ti gbúròó ẹ̀ báyìí, ìwé tí mò ń kà ò ní wọlé mọ́. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, á máa ya àwòrán, á máa fi ìka nu ojú ibi tó fi pẹ́ńsù yà títí ìka ẹ̀ á fi dúdú. Ó máa ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, àmọ́ bó ṣe ń kí gbogbo èèyàn náà nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i. Lójú tèmi, ìyẹn ti yá jù. Ó wù mí kí n kọ́kọ́ béèrè nípa àwòrán ẹ̀, ká di ọ̀rẹ́ ná. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tó bá ní òun ò fẹ́, a ó ṣì máa ríra lójoojúmọ́, mi ò sì fẹ́ kó máa sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn nítorí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọbìnrin pàápàá, kí lẹ máa fẹ́ kí ọmọkùnrin kọ́kọ́ bá yín sọ? Kí ni mo sì máa rí tí màá fi mọ̀ pé kò fẹ́, kí n má bàa máa yọ ọ́ lẹ́nu?