Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé kí n fi ẹ̀kọ́ míúsíìkì yìí sílẹ̀ ni?

Olórin Baríga
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́ yìí. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ tí kò ní kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tíṣà míúsíìkì ni mo fẹ́ ṣe, àwọn ọmọ kéékèèké ni mo sì fẹ́ máa kọ́, praimárì wọ́ọ̀nù títí dé síìsì. Mi ò fẹ́ ti sẹ́kọ́ńdìrì, mi ò sì fẹ́ máa tẹ kíbọ́ọ̀dù lóde àríyá. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wọ yunifásítì ní Akọ́ka. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ń rí kò ṣeé fẹnu sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé ní Baríga, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti ìyàwó lánlọ́ọ̀dù. Bí mo bá ti ń tẹ scale báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ odó gbá ògiri. Obìnrin yìí kan náà ni jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń ké láti ìrọ̀lẹ́ di òru, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá, àbúrò ọkọ mi wá yá kíbọ́ọ̀dù mi, ó ní wọ́n fẹ́ fi ṣe ìsọmọlórúkọ ní Ìkòròdú. Nígbà tó máa dá a padà, àwọn kíì kan ò dún mọ́. Ó ní bóyá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀! Ìyá ọkọ mi ní tiwọn bi mí lójú àlejò pé ṣé àwọn onílù tó ń lù ní Ojúẹlẹ́gbà lọ yunifásítì kí wọ́n tó mọ ìlù ni.

Ó wá ku ti ilé-ìwé. Lẹ́kítọ́rà kan wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó sọ fún mi níwájú gbogbo kíláàsì pé ìka mi le bí ìka alágbẹ̀dẹ. Nínú harmony, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń to ohùn pọ̀, ó fi bírò pupa sàmì sí gbogbo iṣẹ́ mi, ó ní consecutive fifths, ìyẹn ohùn méjì tó ń bá ara wọn rìn ní àlàfo kan náà, ló kún inú ẹ̀. Bó ṣe dún létí mi ni mo ṣe kọ ọ́, ó sì dùn. Piano gan-an lolórí ẹjọ́. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀, wọ́n ní mo máa tún un ṣe. Wọ́n fẹ́ kí n máa ka staff, orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún, wàràwàrà, èmi tó jẹ́ solfa, dò, rè, mì, ni mo fi dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Owó ilé-ìwé tuntun ti ń sún mọ́lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí rí, ṣé kí n fi sílẹ̀ ni àbí kí n máa bá a yí? Ẹ má bú mi o.

Màmá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù yẹn, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́. Èmi náà ní irú ẹ̀ nígbà tí mo wà ní Múṣin. Ata ni tèmi. Ó ní bí mo bá ń lọ ata òun ò lè sùn, ní aago mẹ́rin ọ̀sán! Ọ̀rọ̀ míúsíìkì yìí sì kàn mí, torí níléèwé àwọn ìbejì mi, owó ilé-ìwé lọ́tọ̀, owó violin lọ́tọ̀. Dandan ni wọ́n fi mú wa rà á. Táíwò ti já okùn tirẹ̀, Kẹ́hìndé ò fẹ́ fojú rí tirẹ̀. Àwọn tíṣà yẹn ń rówó o. Má fi sílẹ̀.

Tíṣà Àgbà
Ẹ pẹ̀lẹ́, màdáámù. Ká tó lè sọ ohun tó nítumọ̀, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. B.A. Music lásán lẹ̀ ń kà, àbí èyí tó ní Education nínú? Ọdún kelòó lẹ wà? Kí lẹ fi wọlé? Ilé-ìwé ìjọba lẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ àbí ti àdáni?

Mò ń bi yín torí pé ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀. Ní praimárì ìjọba, tíṣà kan ló sábà máa ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní gbogbo nǹkan, abẹ́ Cultural and Creative Arts ni wọ́n sì kó míúsíìkì sí, òun àti yíyàwòrán àti eré orí ìtàgé. Kò rọrùn kí wọ́n gbà yín síbẹ̀ fún míúsíìkì nìkan. Àwọn ilé-ìwé àdáni, pàápàá láti Ìkòyí lọ dé Lẹ́kkí, ló ń wá tíṣà míúsíìkì lọ́tọ̀, àwọn yẹn á sì ní kí ẹ jókòó sídìí piano kí wọ́n tó wo ìwé yín. Ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí wọ́n fi ń ṣe tíṣà ní Nàìjíríà ni NCE. Ẹni tó bá ní B.A. tí kò sí Education nínú rẹ̀, tí kò sì ní ìwé tíṣà mìíràn, PGDE, ìwé ẹ̀rí tíṣà fún ẹni tó ti gba dìgírì, ló máa lọ gbà kí TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀, tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Torí náà, ẹ dáhùn.

Bọ̀dá Kíbọ́ọ̀dù
Àǹtí, ẹ fi yunifásítì sílẹ̀. Ẹ lọ sí MUSON, ilé-ẹ̀kọ́ orin tó wà ní Oníkan. Ọdún méjì ni diploma wọn, MTN Foundation sì ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ lórí owó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bá yín tọ́ ìka. Tàbí kí ẹ máa ṣe ìdánwò orin ti ABRSM, àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀ títí dé grade eight. Ẹ tètè ṣe grade five theory, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa há sí kí wọ́n tó gbà wá fún grade six piano.

Ti ariwo: íyàfóònù! Ẹ kì í bọ kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ máa tẹ ẹ́ láàárọ̀ kùtù. Ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ tó pa méjèèjì pọ̀. Mo sì mọ̀ pé kíì 61 ni kíbọ́ọ̀dù yín ní, ó sì fúyẹ́ lábẹ́ ìka. Piano ní 88, ó wúwo. Ìdí nìyẹn tí ìka yín fi ń le nígbà tẹ́ ẹ bá dé ilé-ìwé. Kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Olórin Baríga
Ẹ ṣé o. Màmá Ìbejì, ẹ̀yin nìkan lọ̀rọ̀ mi yé. Bọ̀dá Kíbọ́ọ̀dù, 61 ni lóòótọ́, íyàfóònù náà sì wà, ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ ló ti bàjẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò ọkọ mi náà ni. Mi ò bèèrè MUSON. Ọmọ méjì ni mo ní. Ta ló máa lọ mú wọn níléèwé bí mo bá há sórí afárá Third Mainland? Ẹ sì ń pe ABRSM bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni.

Bàbá Akọrin
Ọmọ mi, solfa tó o fi dàgbà kì í ṣe ohun tó o máa jù nù. Ọmọ Lafíàjì ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi máa ń kó wa lọ gbọ́ orin ní Cathedral ní Marina. Ẹkúndayọ̀ Phillips ló ń tẹ dùrù níbẹ̀ nígbà náà, ó sì ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin lọ́mọdé, Ayọ̀ Bánkọ́lé náà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó di ẹni tí ayé mọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n fara balẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí tíṣà bá bú yín lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé orí fóònù. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Bọ̀dá Kíbọ́ọ̀dù
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ solfa yìí gan-an ló ń ba àwọn akọrin wa jẹ́. Ẹ gbé staff fún wọn, wọ́n á máa wò yín bọ̀ọ̀. Ilé-ìwé Lẹ́kkí wo ló máa gba tíṣà tí kò lè ka staff?

Bàbá Akọrin
Ta ló ní kó má kà á? Àwọn ọmọdé ló ní òun fẹ́ kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà, àmì orin bíi crotchet lo máa kọ́kọ́ fi hàn án? Á kọrin, á pàtẹ́wọ́, á dá dò àti sọ̀ mọ̀ létí kó tó dá wọn mọ̀ lójú. Kodály ará Hungary, tí wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri ayé lórí ẹ̀kọ́ orin ọmọdé, solfa ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́dọ̀ tirẹ̀, àti àmì ọwọ́ tí Curwen ti ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú rẹ̀. Kọ́kọ́ mọ ohun tó ò ń bú.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bó bá fẹ́ ṣe orin tuntun fún ọmọ ní Yorùbá, ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ á máa kọ ohun tí kò mọ̀. Ìdí tí Phillips fi ń ṣe orin tirẹ̀ nìyẹn, kò kàn ń ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú ohùn orin Òyìnbó. Staff ò lè kọ́ ọ nìyẹn.

Bọ̀dá Kíbọ́ọ̀dù
Mi ò bú ẹnikẹ́ni, sà.

Alákọ̀wé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta
Obìnrin fẹ́ kọ́ ọmọ praimárì, ẹ ń jà nítorí Hungary. Màdáámù, ẹ lọ gba NCE. Ọdún mẹ́ta ni. Ìjánikin lèmi ti gba tèmi nígbà tó ṣì ń jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ìjọba Èkó tó pa á pọ̀ mọ́ ti Nọ́fọríjà ní 2022, tí wọ́n sọ ọ́ di yunifásítì. Wọ́n máa ń rán wa lọ ṣe teaching practice, supervisor á kàn yọ láìròtẹ́lẹ̀, á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á máa kọ̀wé. Ọjọ́ kan, fèrè recorder ni mo gbé wọlé. Àwọn ọmọ kún inú kíláàsì fọ́fọ́, recorder ò tó nǹkan. Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nóòtì B, A, G bí gbogbo ayé ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ni ọmọ kan bá fi recorder gbá èkejì lórí, supervisor ń wò mí. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ká mọ piano tẹ̀ lọ́tọ̀, ká mọ ọmọ kọ́ lọ́tọ̀. Ẹ lọ gba NCE.

Màmá Ìbejì
Ẹ gba NCE bí wọ́n ṣe sọ. Tó bá yá, ẹ fi wọ yunifásítì nípa direct entry, láìbẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní.

Tíṣà Àgbà
Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀, ẹni tó lọ̀rọ̀ ò tíì dáhùn ẹyọ kan nínú ohun tí mo bi í. Màdáámù, a kì í ṣe babaláwo.

Olórin Baríga
Mo ń bọ̀, sà, ọmọ ni mò ń fún lóúnjẹ.

Bàbá, mi ò bínú, àgbà ni yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló bú mi. NCE tí gbogbo yín ń pariwo rẹ̀, mo ti ní in, ó ti pẹ́. Yorùbá àti Social Studies ni mo fi ṣe, kì í ṣe míúsíìkì, ìdí nìyẹn tí mi ò fi mẹ́nu bà á. Òun náà ni mo fi wọ direct entry. 300 level ni mo wà báyìí. B.A. Music ni, kò sí Education nínú rẹ̀.

Ilé-ìwé àdáni kan ní Gbàgádà ni mo ti ń kọ́ Yorùbá láàárọ̀. Èmi náà ni mò ń ṣe kóńsáàtì òpin ọdún wọn, ìrẹsì àti ohun mímu ni wọ́n sì fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Proprietress wá ní tí September bá ti dé, kí n fi Yorùbá sílẹ̀, kí n di tíṣà míúsíìkì fún gbogbo praimárì, àárọ̀ di aago mẹ́rin lójoojúmọ́. Ó ní òun ò bèèrè dìgírì lọ́wọ́ mi. Owó tó pè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé kì í ṣe ohun tí mo torí ẹ̀ ń jẹ èébú nìyẹn?

Alákọ̀wé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta
Háà! Ẹ ròyìn ọmọ odó ìyàwó lánlọ́ọ̀dù délẹ̀délẹ̀, ẹ ò sọ pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wá ti ń dúró dè yín!

Olórin Baríga
Ẹ ò bi mí bóyá mo ríṣẹ́.

Bọ̀dá Kíbọ́ọ̀dù
300 level! Àǹtí, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lórí MUSON. Ẹ ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń fi ìrẹsì san owó kóńsáàtì lẹ fẹ́ tìtorí rẹ̀ da ọdún tẹ́ ẹ ti lò nù?

Màmá Ìbejì
Kó gba iṣẹ́ o jàre. Ilé-ìwé ò lọ síbì kan.

Bọ̀dá Kíbọ́ọ̀dù
Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní kó má fi sílẹ̀.

Màmá Ìbejì
Kí n tó mọ̀ pé ó ríṣẹ́ nìyẹn.

Tíṣà Àgbà
Ó yí padà pátápátá. Màdáámù, tíṣà ni yín tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú NCE yẹn, ẹ lè ṣe ìdánwò TRCN ní category D, ẹ ò nílò láti dúró de B.A. Ohun tí B.A. máa fi kún un ni ìmọ̀ orin fúnra rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì kù fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ tí proprietress gbé lé yín lọ́wọ́. Praimárì mẹ́fà, ká ní arm, ìyẹn ẹ̀ka kíláàsì, méjì-méjì, ó di kíláàsì 12. Bí kíláàsì kọ̀ọ̀kan bá ní míúsíìkì ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, period 24 ni. Bí period mẹ́jọ bá wà lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà. Kí wá lẹ fẹ́ máa ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ márùn-ún? Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ fi méjì yòókù lọ sí yunifásítì. Kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà: iye owó, iye ọjọ́, àti pé owó kóńsáàtì lọ́tọ̀. Bí kò bá gbà, tí iṣẹ́ náà sì wù yín jù, ẹ kọ̀wé sí yunifásítì pé ẹ fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró fún sáà kan. Ẹ má kàn pòórá, wọ́n á kà yín sí ẹni tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀.

Olórin Baríga
Arm méjì-méjì ni, àfi síìsì tó jẹ́ ẹyọ kan.

Tíṣà Àgbà
Ó di 22 nìyẹn. Ó tún dín sí i.

Olórin Baríga
Proprietress kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá a wí nítorí ìrẹsì. Nígbà tí mo bí èyí àbúrò, kò yọ kọ́bọ̀ nínú owó mi. Lẹ́tà ò tíì sí, ẹnu ló fi sọ ọ́. Harmony àti piano bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ó ṣeé tò. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì kan wà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.

Alákọ̀wé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta
Kí ni bàbá àwọn ọmọ wí sí i?

Olórin Baríga
Kò tíì gbọ́. Òun ló ń san owó ilé-ìwé. Bó bá gbọ́ pé iṣẹ́ wà, á ní kí n fi yunifásítì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ á sì kín in lẹ́yìn. Èmi ni mo fẹ́ yàn án.

Bàbá Akọrin
Sọ fún ọkọ rẹ.

Olórin Baríga
Màá sọ, sà, tí lẹ́tà bá ti wà lọ́wọ́ mi. Tíṣà Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kọ́ọ̀sì ọjọ́ Ajé yẹn, aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni. Ṣé mo lè ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ míúsíìkì ní aago mọ́kànlá?

Tíṣà Àgbà
Akọ́ka sí Gbàgádà, ẹ bèèrè fún ìdajì wákàtí sí i.