Ọmọbìnrin mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná

Ìyá ọmọ, Kétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ mi ti gba CEP, ìwé ẹ̀rí ìparí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí ní Benin, ó sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní kí ó lọ kọ́ aṣọ rírán, nítorí wọ́n gbà pé obìnrin kì í gun àkàbà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Oníná, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́ ọ. Ẹ béèrè nípa CQP, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn ètò ọlọ́dún mẹ́ta tí ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí ó sì tún ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti mọ ìdí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tí kì í fọwọ́ kan wáyà láìjẹ́ pé ó ti pa iná láti orísun rẹ̀, tí ó sì ti fi ohun èlò yẹ̀ ẹ́ wò pé iná ti kúrò níbẹ̀ lóòótọ́. Irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ju agbára apá lọ.

Aránṣọ, Ṣábẹ̀:
Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, àmọ́ àwa aránṣọ ti pọ̀ jù ládùúgbò wa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, iye ọdún àti owó ìgbòmìnira, kí ẹ sì sọ fún ọ̀gá náà pé ọmọ yín kò wá fọ abọ́, kò sì wá pọn ọmọ ọlọ́mọ. Ibẹ̀ ni ọdún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti ń ṣòfò.